Ẹni tó pa àbúrò wa fẹ́ jáde lẹ́wọ̀n: irú májẹ̀mu wo ni ìdílé lè ní kí wọ́n fi dè é?

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Lọ́ńdọ̀nù béèrè:

Mo kí gbogbo yín, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá yìí wúwo lọ́kàn mi, mo sì fẹ́ kí ẹni tó bá mọ̀ nípa rẹ̀ lóòótọ́ bá mi dá sí i, nítorí pé èmi ni àkọ́bí nílé wa, ọ̀dọ̀ mi sì ni gbogbo ìwé ń wá.

Lọ́dún 2012 ni wọ́n gún àbúrò mi ọkùnrin lọ́bẹ pa ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ ọdún 17 ni ẹni tó gún un. Adájọ́ fún un ní irú ẹ̀wọ̀n gbére tí wọ́n máa ń fún àwọn tí kò tíì pé ọdún 18, ó sì ní ó gbọ́dọ̀ lo ọdún 13 ó kéré tán kí ọ̀rọ̀ àtijáde tó wáyé. Ọdún náà ti pé báyìí. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, òṣìṣẹ́ tó máa ń kàn sí wa, tí wọ́n ń pè ní VLO (Victim Liaison Officer), kọ̀wé pé ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà ti dé iwájú Parole Board, ìgbìmọ̀ tó ń pinnu bóyá ẹlẹ́wọ̀n lè jáde. Ó ní a lè kọ ohun tí ikú àbúrò wa ti fojú wa rí sílẹ̀, a sì lè sọ irú májẹ̀mu tí a bá fẹ́ kí wọ́n là kalẹ̀ fún un bí wọ́n bá dá a sílẹ̀.

Mọ̀mí, tí wọ́n ti lé ní ẹni ọdún 70, sọ pé àwọn kò ní kọ ohunkóhun. Wọ́n bi mí pé, "Bí mo bá kọ ọ́, ṣé wọn ò ní tú u sílẹ̀ ni?" N kò mọ èsì tí mo lè fún wọn. Ohun kejì tó ń dẹ́rù bà mí ni pé ọjà kan wà tí wọ́n máa ń ná ní ọjọ́ Sátidé, ṣọ́ọ̀ṣì wa wà, ilé ìwé àwọn ọmọ mi sì wà nítòsí. Bí a bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí ó má dé àwọn ibẹ̀, ṣé kì í ṣe pé a ti fọwọ́ ara wa júwe ilé wa fún un? Àti pé Mọ̀mí gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì níwọ̀nba, ṣùgbọ́n bí ó bá ti di ọ̀rọ̀ ọmọ wọn tó kú, Yorùbá nìkan ló ń jáde lẹ́nu wọn.

N kò béèrè bóyá ó yẹ kí wọ́n dá a sílẹ̀ tàbí kò yẹ. Nínú ilé wa pàápàá, ohùn wa kò ṣọ̀kan lórí ìyẹn. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni ibi tí ẹnu wa dé, kí a má baà fi ọ̀rọ̀ ṣòfò níbi tí kò dé.

Ìyá Ìbejì dáhùn:

Ẹ kú ìrọ́jú, ọmọ Ìjẹ̀bú. Ẹ bá mi kí Mọ̀mí, kí Ọlọ́run tù wọ́n nínú. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi bá àwọn ìdílé tí wọ́n pa èèyàn wọn rìn nínú irú ọ̀rọ̀ yìí ní England kí n tó fẹ̀yìn tì, ìbéèrè tí Mọ̀mí bi yín ni gbogbo wọn sì kọ́kọ́ máa ń bi mí. Mo máa ń dá wọn lóhùn láìfi bò pé rárá, ohun tí ẹ bá kọ kọ́ ló máa sọ bóyá yóò jáde tàbí kò ní jáde. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni òfin gbé ka iwájú Parole Board: ṣé ó ṣì pọn dandan kí ọkùnrin yìí wà lẹ́wọ̀n kí ewu má baà wu àwọn ará ìlú? Ìbànújẹ́ yín kò dáhùn ìbéèrè yẹn, bó ti wù kó jinlẹ̀ tó. Ó máa ń dun ìdílé láti gbọ́ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ó sàn kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó bìkítà fún wọn ju kí wọ́n máa retí ohun tí kò ní ṣẹlẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ májẹ̀mu yàtọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ẹnu yín dé. Òfin ọdún 2004 lórí ìwà ipá inú ilé, ìwà ọ̀daràn àti àwọn tí wọ́n ṣẹ̀, ní abala 35, ló fi í lélẹ̀ pé bí ẹnì kan bá hu ìwà ipá tàbí ẹ̀ṣẹ̀ tó jẹ mọ́ ìbálòpọ̀ tí wọ́n sì rán an lọ sẹ́wọ̀n oṣù 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ bóyá ó ní ohun tó fẹ́ sọ nípa májẹ̀mu tí wọ́n máa fi dá ọ̀daràn náà sílẹ̀, kí wọ́n sì jẹ́ kó mọ èyí tí wọ́n bá fọwọ́ sí. Nígbà tí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ bá ti kú, ìdílé rẹ̀ ló ń dúró fún un. Ẹ̀tọ́ yín nìyẹn; kì í ṣe àánú ni wọ́n ń ṣe yín.

Májẹ̀mu tí ìdílé sábà máa ń béèrè jẹ́ oríṣi méjì. Àkọ́kọ́ ni pé kò gbọ́dọ̀ wá yín, kò gbọ́dọ̀ pè yín, kò sì gbọ́dọ̀ rán ẹlòmíràn sí yín láìgba àṣẹ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ tó ń ṣàbójútó rẹ̀. Èyí kì í ní wàhálà, ẹ kàn rí i pé ẹ dárúkọ gbogbo ẹni tó yẹ kó wà níbẹ̀, títí kan àwọn ọmọ yín. Èkejì ni agbègbè tí kò gbọ́dọ̀ wọ̀. Orí èyí ni ìdílé ti máa ń kọsẹ̀. Mo bá ìdílé kan rìn tí wọ́n kọ̀wé pé kí ẹni tó pa ọmọ wọn má ṣe dé ibikíbi ní Southwark, odindi ìjọba ìbílẹ̀ kan ní Lọ́ńdọ̀nù, mọ́ láéláé. Wọn kò fọwọ́ sí i, nítorí pé gbogbo májẹ̀mu gbọ́dọ̀ ní ìdí tó ṣe kedere, kò sì gbọ́dọ̀ gbòòrò ju ìdí náà lọ. Nígbà tí a padà jókòó, tí ìyá ọmọ náà sọ ọ̀nà tí òun máa ń gbà lọ síbi iṣẹ́ ní òwúrọ̀, ibi tí òun ti máa ń wọ bọ́ọ̀sì, àti igun òpópónà tí ọmọ òun ṣubú sí, tí òun ń gbé òdòdó lọ lọ́dọọdún, ìlà tí wọ́n fà sórí máàpù kéré sí Southwark, ṣùgbọ́n gbogbo ibi tí ìyá náà ń dé ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Ẹ sọ ibi tí ẹ ń dé, ọjọ́ tí ẹ ń débẹ̀, àti ohun tí yóò ṣe yín bí ẹ bá ṣe kòńgẹ́ rẹ̀ níbẹ̀.

Ní ti ẹ̀rù tó ń bà yín pé ẹ ó júwe ilé yín, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fara balẹ̀ ka ibí yìí. Ìwé méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ìwé tí ẹ fi sọ ohun tí ojú yín ti rí, ẹlẹ́wọ̀n náà yóò rí i. Èèyàn lè bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má fi hàn án, ṣùgbọ́n ó ní láti jẹ́ pé ìdí tó lágbára gan-an wà kí wọ́n tó gbà. Nítorí náà, ẹ má ṣe dárúkọ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ilé ìwé sínú ìyẹn. VLO ni kí ẹ sọ ibi wọ̀nyẹn fún nígbà tí ẹ bá ń béèrè májẹ̀mu, kí ẹ sì jọ wo máàpù. Wọn kì í fún un ní àdírẹ́sì yín. Òótọ́ ni pé yóò rí ìlà tí wọ́n fà, ṣùgbọ́n bí ìlà náà bá tẹ̀lé títì ńlá, ojú irin àti pápá ìṣeré, tí ọjà, ilé àti ṣọ́ọ̀ṣì sì jọ wà nínú rẹ̀, kò sí bí yóò ṣe mọ èyí tó jẹ́ tiyín nínú wọn. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n fa òbìrìkìtì kan tí ilé yín máa wà láàárín gbùngbùn rẹ̀. Mo sì bẹ̀ yín, ẹ má ṣe kọ orúkọ ọjà náà síbí.

Ìwé ẹ̀tọ́ àwọn tí wọ́n ṣẹ̀, èyí tí wọ́n tún ṣe ní oṣù kẹrin ọdún 2021, ní ẹ̀tọ́ 12. Ó sọ pé bí Parole Board kò bá fọwọ́ sí májẹ̀mu tí ẹ béèrè, kí wọ́n ṣàlàyé ìdí fún yín. Àwọn tó dé lẹ́yìn lè má mọ bí èyí ti tóbi tó. Ṣáájú ọdún 2018, òfin tí Parole Board fi ń ṣiṣẹ́ kà á léèwọ̀ pé kí wọ́n sọ ìdí ìpinnu wọn síta. Àwọn obìnrin méjì tí ilé ẹjọ́ fi orúkọ bò láṣìírí wà lára àwọn tó gbé ọ̀rọ̀ ìdásílẹ̀ John Worboys, awakọ̀ takisí tó fìyà jẹ àwọn obìnrin ní Lọ́ńdọ̀nù, lọ sílé ẹjọ́ gíga. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹta ọdún 2018, ilé ẹjọ́ fagi lé ìdásílẹ̀ rẹ̀, ó sì sọ pé òfin ìpanumọ́ náà kò bófin mu. Láti ìgbà náà ni ìdílé bíi tiyín ti lè gba àkópọ̀ ìpinnu náà kà. Ẹ gbà á. Bí ẹ bá sì rí i pé àṣìṣe wà nínú bí wọ́n ṣe gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò, ẹ tètè sọ fún VLO, nítorí pé ọjọ́ 21 péré ló wà fún ìjọba láti ní kí wọ́n tún un wò.

Àdùnní Àbíkẹ́yìn dáhùn:

Ẹ kú àmúmọ́ra, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rọ̀ èdè tí ẹ mẹ́nu bà ni mo fẹ́ dá sí, nítorí pé mo ti gba ọ̀nà náà kọjá. Àwọn adigunjalè kan ya wọ ilé ìyá mi, ọ̀kan nínú wọn sì ṣe wọ́n léṣe gidigidi. Nígbà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé iwájú Parole Board, ìyá mi fẹ́ kí wọ́n gbọ́ tẹnu àwọn, ṣùgbọ́n wọn kò fẹ́ sọ ọ́ ní èdè tí wọ́n máa ń wá ọ̀rọ̀ tì nínú rẹ̀.

Nínú ìwé ẹ̀tọ́ tí Ìyá Ìbejì sọ yẹn, ẹ̀tọ́ àkọ́kọ́ pàápàá ni pé kí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ lè gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ fún un yé, kí àwọn náà sì gbọ́ tirẹ̀ yé. Ẹ béèrè ògbifọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jókòó tì í. Ìyá mi sọ pé, "Láti ọjọ́ náà, ọkàn mi kì í gbé ojú kan." Ohun tí ògbifọ̀ kọ sílẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì kò ju pé inú wọn kì í dùn lọ. Mo ní kó dúró ná. Ẹni tí inú rẹ̀ kò dùn lè dá ilẹ̀kùn ṣí fún ẹni tó mú lẹ́tà wá. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò gbé ojú kan kò lè ṣe é. Yóò dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, yóò máa gbọ́ ẹsẹ̀, títí ẹni náà yóò fi lọ. Mo ní kó kọ ìyẹn sílẹ̀ bí mo ṣe sọ ọ́. Ìyá mi ní òótọ́ ni, bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn yẹn ni a sì fi ṣe ìdí tí a fi ní kó má ṣe dé òpópónà wọn àti àwọn òpópónà tó yí i ká. Wọ́n fọwọ́ sí i.

Ìdí nìyí tí n kò fi gbà pẹ̀lú àwọn tó ń sọ pé kí èèyàn má wulẹ̀ kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí, níwọ̀n ìgbà tí kò ní dá ẹnikẹ́ni dúró sẹ́wọ̀n. Inú ohun tí ojú rí ni ìdí májẹ̀mu ti ń jáde.

Ẹ lè ka ìwé náà fún wọn fúnra yín, nípasẹ̀ fídíò, tàbí kí ẹlòmíràn bá yín kà á. Ẹlẹ́wọ̀n kì í sábà sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń kà á. Ohun tí ẹ bá ti kọ ránṣẹ́ nìkan ni ẹ lè kà. Ẹ kò ní lè fi ọ̀rọ̀ tuntun kún un. Ìyá mi sọ tiwọn ní Yorùbá, ògbifọ̀ sì tẹ̀lé e. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n ṣí fìlà orí wọn, wọ́n mu omi, wọ́n sì sùn ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ohun tí wọn kò ṣe láti ọjọ́ pípẹ́.

Àbúrò Rẹ̀ dáhùn:

Mo ronú púpọ̀ kí n tó kọ èyí, mo sì ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín ṣáájú, nítorí pé ìdílé ẹni tó ṣẹ̀ ni mo ti wá. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin lo ọdún mọ́kànlá lẹ́wọ̀n nítorí ẹni tó ṣe léṣe, abẹ́ májẹ̀mu ló sì wà títí di òní. N kò wá gbèjà ohun tó ṣe. Àwọn baba wa ló ní agbẹ́jọ́ẹnìkan-dájọ́, àgbà òṣìkà ni, nítorí náà ni mo fi ní kí n sọ bí májẹ̀mu ṣe ń rí láti ẹ̀gbẹ́ kejì.

Agbègbè tí wọ́n kọ́kọ́ fà fún un gba orí ilé ìyá wa kọjá. Òun kò bínú sí ìdílé tó béèrè rẹ̀. Agbẹjọ́rò rẹ̀ ló ṣàlàyé fún ìgbìmọ̀ náà, wọ́n sì yí ìlà díẹ̀, wọ́n wá kọ ọ́ pé ó lè gba inú agbègbè náà kọjá nínú ọkọ̀ ojú irin bí kò bá ti sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n so ẹ̀rọ atọ́pinpin mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ fún mi pé májẹ̀mu tí a kọ kedere, tó dárúkọ títì, kò ni òun lára tó èyí tí a kọ lọ́nà tí èèyàn kò lè mọ ibi tó parí sí, nítorí pé bí òun bá fẹsẹ̀ kan ṣi ìlà gbà, wọ́n lè dá òun padà sẹ́wọ̀n.

Ohun tí mo fi ń bẹ̀ yín ni pé kí ẹ béèrè gbogbo ohun tí ẹ nílò. Ẹ má ṣe dín in kù nítorí wa. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó ní ìdí, nítorí pé èyí tó ní ìdí ni agbẹjọ́rò òdìkejì kò ní lè wó.

Bàbá Oakland dáhùn:

Ọ̀tọ̀ ni ti California níbi tí mo wà, ṣùgbọ́n ó lè la ojú yín sí ohun kan. Lọ́dún 2008 ni àwọn ará ìlú dìbò gbé òfin tí wọ́n ń pè ní Marsy's Law wọlé sínú ìwé òfin ìpínlẹ̀. Orúkọ ọmọbìnrin kan, Marsalee Nicholas, tí wọ́n pa lọ́dún 1983, ni wọ́n fi sọ ọ́: ìyá rẹ̀ wọ ilé ìtajà oúnjẹ ní ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ikú rẹ̀, ó sì bá ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn ìpànìyàn náà kàn níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì sọ fún wọn pé wọ́n ti gba onídùúró rẹ̀. Níbí, fún àwọn ẹ̀ṣẹ̀ ìwà ipá ńlá kan, ìpànìyàn wà lára wọn, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ bá béèrè, tí àwọn aláṣẹ sì rí i pé ó nílò ààbò, wọn kò ní jẹ́ kí ẹni tó wà ní páróòlù, ìyẹn ẹni tí wọ́n dá sílẹ̀ lẹ́wọ̀n lábẹ́ májẹ̀mu, gbé níbi tí kò tó máìlì 35 sí ilé rẹ̀. Òfin ti yọ iye máìlì náà sílẹ̀ fún un. Níbẹ̀ lọ́dọ̀ yín, ẹnu yín ni yóò ṣe iṣẹ́ tí máìlì ń ṣe fún wa, ẹ kò sì gbọ́dọ̀ dákẹ́.

Agbẹjọ́rò Ìbàdàn dáhùn:

Mo ń ka ọ̀rọ̀ yín pẹ̀lú ìbànújẹ́, nítorí ohun tí a kò ní nílé. Òfin ìṣàkóso ẹjọ́ ọ̀daràn tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ṣe lọ́dún 2015 fàyè gba páróòlù ní abala 468. Ẹlẹ́wọ̀n tí wọ́n fún ní ọdún 15 ó kéré tán, tàbí ẹ̀wọ̀n gbére, tó ti lo ìdá kan nínú mẹ́ta, tí ìwà rẹ̀ sì dára, ọ̀gá àgbà ọgbà ẹ̀wọ̀n lè kọ̀wé nípa rẹ̀ sí ilé ẹjọ́. Ilé ẹjọ́ yóò gbọ́ ti olùpẹjọ́, yóò gbọ́ ti ẹlẹ́wọ̀n tàbí agbẹjọ́rò rẹ̀, lẹ́yìn náà ni ó lè dá ìyókù ẹ̀wọ̀n náà dúró, pẹ̀lú májẹ̀mu tàbí láìsí. Mo ti ka abala náà ní àìmọye ìgbà. Kò dárúkọ ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ sí i. Bí ìdílé kan bá ní ohun tó fẹ́ sọ, ọwọ́ olùpẹjọ́ ló ní láti gbà á sọ, bí olùpẹjọ́ náà bá ráyè. Ó yẹ kí àwọn aṣòfin wa fi gbólóhùn kan kún abala yẹn.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Lọ́ńdọ̀nù dáhùn:

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Àbúrò Rẹ̀, mo rí ọ̀rọ̀ yín, mo sì mọ̀ pé kò rọrùn fún yín láti kọ ọ́.

Mo ka gbogbo rẹ̀ sétí Mọ̀mí ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ ohun tí wọn kò sọ fún mi rí láti ọdún 2012: pé àwọn kì í gba títì tí àbúrò mi ṣubú sí kọjá, pé bọ́ọ̀sì méjì ni àwọn máa ń wọ̀ dípò ẹyọ kan láti dé ọjà, kí àwọn má baà rí ibẹ̀. Mo ti rò pé ọ̀rẹ́ wọn ni wọ́n máa ń yà kí. Wọ́n ní, "Kọ ìyẹn. Kọ ọ́ pé bí òun náà bá ń rìn níbẹ̀, a jẹ́ pé mi ò ní lè dé ọjà mọ́ rárá." A ti pe VLO, ó sì ti gbà láti wá ògbifọ̀ fún wa. A ó jọ wo máàpù lọ́jọ́bọ̀ tó ń bọ̀.

Ìbéèrè kan ló kù. Bí wọ́n bá fọwọ́ sí májẹ̀mu náà, báwo ni yóò ṣe pẹ́ tó?

Ìyá Ìbejì dáhùn:

Níwọ̀n ìgbà tó ti jẹ́ ẹ̀wọ̀n gbére, abẹ́ májẹ̀mu ni yóò wà títí ọjọ́ ayé rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí kò sọ pé gbogbo ìlà tí wọ́n bá fà ni yóò dúró títí láé. Ó lè béèrè lọ́jọ́ iwájú pé kí wọ́n dín in kù. Bí ó bá béèrè, VLO yóò kàn sí yín kí wọ́n tó pinnu, ẹ ó sì tún lè sọ tẹnu yín. Bí ẹ bá rí i nínú agbègbè náà, ọlọ́pàá ni kí ẹ kọ́kọ́ pè, lẹ́yìn náà VLO. Bí ẹ bá kó kúrò nílé tí ẹ wà yìí, tàbí tí àwọn ọmọ bá yí ilé ìwé padà, ẹ sọ fún VLO lọ́sẹ̀ náà gan-an, nítorí pé máàpù tó wà lọ́wọ́ wọn kò mọ̀ pé ẹ ti kó lọ.